Ẹ Gbé Omi Pàdé Ọwọ́

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú ẹ̀yin olùgbọ́ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti oko bọ̀ ni, tó so rédíò mọ́ ara ọ̀kadà; ẹlòmíràn sì ti gbé tirẹ̀ ka orí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó ń dúró de àmàlà. Kí àmàlà náà tó délẹ̀, ọ̀rọ̀ ọwọ́ tí ẹ fẹ́ fi jẹ ẹ́ ni mo gbé wá.

Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nu-ẹ̀rọ tí ẹ gbé sẹ́nu ọ̀nà lọ́dún 2020, ibo ló wà lónìí?

Ẹ ò ní tí ì gbàgbé. Ìparí oṣù Èrèlé ọdún náà ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn kòrónà ní Nàìjíríà. Kò pẹ́ tí omi àti ọṣẹ fi dé ẹnu ọ̀nà ààfin, ọjà, ilé ìfowópamọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí. Ìbáà ṣe ìjòyè, ìbáà ṣe àlejò, wọ́n á ní kó fọwọ́ kó tó wọlé. Ọdún mẹ́fà ṣáájú ìgbà náà ni Ebola dé sí Èkó, ní July 20, 2014. Ènìyàn 20 ló kó o, 8 ló bá a lọ. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh wà lára wọn, obìnrin akọni tó kọ̀ jálẹ̀ pé ẹni tó gbé àrùn náà wọ̀lú kò gbọdọ̀ kúrò ní ilé ìwòsàn. Láàárín oṣù mẹ́ta tí Ebola fi wà láàárín wa, gbogbo wa là ń fọwọ́. Àwọn kan tilẹ̀ dìde lóru, wọ́n fi omi iyọ̀ wẹ̀ nítorí àhesọ lásán. Ní October 20, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ Ebola. Ọwọ́ wa náà sì bọ́ lọ́wọ́ omi.

Ẹ̀rù ló gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá lẹ́ẹ̀mejèèjì. Nígbà tí ẹ̀rù ń lọ, ó gbé ẹrù rẹ̀ dání.

Àwọn àrùn tí kì í ṣe àlejò láàárín wa kò bá a lọ. Ìgbẹ́ gbuuru ò lọ. Aràn inú ò lọ. Lọ́dún 2021 gan-an, nígbà tí bọ́kẹ́ẹ̀tì ń padà wọ yàrá ìkẹ́rùsí, àwọn tí wọ́n fura sí pé wọ́n ní àrùn onígbáméjì ní Nàìjíríà lé ní 111,000, ó sì pa àwọn tó lé ní 3,600 nínú wọn. Omi mímu tí ìgbẹ́ ti bà jẹ́ ló ń tan onígbáméjì kálẹ̀ jù, mi ò ní pa á mọ́ fún yín. Àmọ́ ọwọ́ ló ń gbé e láti ara aláìsàn dé inú abọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìlera kiri ìgbèríko. Àwọn àgbà ibẹ̀ ṣì ń pe irú wa ní wolé-wolé, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú wa, àwọn tó ń yọjú wo inú àmù bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Ní abúlé kan lápá Òkè-Ògùn, a pín bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nu-ẹ̀rọ fún ojúlé kọ̀ọ̀kan. A kó àwọn ènìyàn jọ sábẹ́ igi ọ̀dán, a fi àwòrán kòkòrò àrùn hàn wọ́n, a sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun wa fi gbẹ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa. Wọ́n gbàdúrà fún wa.

Nígbà tí òjò ọdún yẹn dáwọ́ dúró, mo padà lọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan kún fún gàrí. Wọ́n rẹ fùfú sínú òmíràn. Ẹnu ẹ̀rọ ti òmíràn ti kán, wọ́n wá fi ń gbé omi àpòpọ̀ símẹ́ǹtì. Inú bí mi, mi ò purọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn wí bí ẹni ń bá ọmọ ilé ìwé wí. Ìyàwó ilé kan tó pọn ọmọ ló dá mi lóhùn, ó kúnlẹ̀, ó ní: “Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹ̀yìnkùlé ni ṣáláńgá wa wà. Iwájú ilé lẹ ní ká gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí. Kí n tó yí ilé po, ọmọ ti ń ké, mo ti gbé e.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Òótọ́ ni. Àwa la ní kí wọ́n gbé e síwájú ilé, nítorí àwọn tó rán wa níṣẹ́ fẹ́ máa rí i láti inú mọ́tò bí wọ́n bá ń kọjá lọ. Ojú ọ̀nà la gbé omi pàdé. A ò gbé e pàdé ọwọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun mìíràn tí mo rí ní abúlé kan náà lọ́jọ́ yẹn. Ní ilé tí wọ́n ti rọ gàrí sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì wa, búútà àlùwàlá wà lẹ́nu ọ̀nà, omi wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó pín búútà náà fún wọn. Kò sí wolé-wolé tó ń wá wò ó. Ó wà níbẹ̀ láyé bàbá wọn, ó wà níbẹ̀ láyé tiwọn. Kirisitẹ́nì ni mí, ṣùgbọ́n mo jókòó lórí àga tí wọ́n gbé fún mi, mo ń wo búútà yẹn, mo sì mọ̀ pé ohun tí iṣẹ́ tiwa ṣaláìní ló wà níwájú mi. Búútà ní àyè tirẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì jẹ́ fi í ṣe nǹkan mìíràn. Ìrun ló ń pè é, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, kò dúró dìgbà tí ẹnì kan bá rántí. Ọmọ kékeré tí kò tí ì mọ Fátíà kà ti ń bá bàbá rẹ̀ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta-mẹ́ta, nítorí pé níṣojú rẹ̀ ni bàbá ti ń ṣe é.

Àlùwàlá kò ní ọṣẹ nínú, kì í sì í ṣe nítorí kòkòrò àrùn ni wọ́n ṣe ń ṣe é, ìjọsìn ni. Bó ṣe ń dúró láti ìran dé ìran ni mo ń tọ́ka sí. Kò dúró lórí ẹ̀rù àrùn kankan. Àyè rẹ̀ nínú ilé àti ohun tó ń pè é ló dì í mú.

Ohun tí mo rí yìí, àwọn olùwádìí kan ti rí irú rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ méjì ní ìgbèríko Bangladesh, wọ́n kíyè sí i pé bí ọmọ 100 bá jáde nílé ìgbẹ́, bí 4 péré ló ń fi ọṣẹ fọwọ́. Wọn ò wàásù fún àwọn ọmọ náà. Wọ́n kọ́ ibi ìfọwọ́, wọ́n wá fi ọ̀dà ya ọ̀nà aláwọ̀ mèremère láti ẹnu ilé ìgbẹ́ dé ibẹ̀, wọ́n ya ipasẹ̀ sí ojú ọ̀nà náà, wọ́n sì ya àtẹ́lẹwọ́ síbi tí omi wà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n parí rẹ̀, iye tó ń fi ọṣẹ fọwọ́ ti di 68 nínú 100. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó jẹ́ 74. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń gbọ́ mi, agolo ọ̀dà kan ni o. Ẹsẹ̀ ọmọdé fẹ́ràn láti tẹ ohun tí wọ́n bá yà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ dé ìdí omi.

Ẹ ó wí pé omi dà? Ìyẹn ni ìbéèrè tó le jù ní ìgbèríko, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí kànga bá gbẹ, tí àwọn obìnrin bá ń jí láago mẹ́rin òru láti lọ tò sídìí odò, ta ni yóò fi garawa kan ṣòfò sórí ọwọ́? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Zimbabwe. Níbẹ̀, ní nǹkan bí àwọn ọdún 1980, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gbé akèrègbè kọ́, wọ́n lu ihò kékeré sí i lára. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ á tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀, omi á yọ ṣòròṣòrò, akèrègbè á tún padà sípò rẹ̀, omi á dá. Mukombe ni wọ́n ń pè é, orúkọ akèrègbè ni lédè Shona. Láti ibẹ̀ ni ọgbọ́n náà ti tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì oníke ti gba ipò akèrègbè.

Ohun tí a ń lò kò ju èyí tó wà nílẹ̀ nílé yín. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 5 tó ti ṣófo. Ẹ ri òpó méjì mọ́lẹ̀, èyí tí orí wọn là bí igi kànnàkànnà, kí ẹ sì rí i pé igi tí ikán kì í tètè jẹ ni. Ẹ fi ọ̀pá kan dábùú orí wọn, kí ẹ fi ọ̀pá náà gba inú ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì kó lè máa yí. Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò kan ṣoṣo sí iwájú kẹ́ẹ̀gì, nísàlẹ̀ ọrùn rẹ̀ díẹ̀. Ẹ so okùn mọ́ ọrùn kẹ́ẹ̀gì, kí okùn náà wálẹ̀ dé ara igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ igi, kẹ́ẹ̀gì á tẹ̀ síwájú, omi á máa yọ tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá kúrò, omi dá. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ kí ibẹ̀ má baà di ẹrẹ̀. Ẹ lu ihò sáàárín ọṣẹ, kí ẹ fi okùn so ó rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ da agolo bò ó lórí nítorí òjò.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí ọṣẹ, ọwọ́ kò kan ohunkóhun. Nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nu-ẹ̀rọ, ọwọ́ ìdọ̀tí ló ń ṣí ẹ̀rọ, ọwọ́ tó mọ́ ló sì ń tì í, á tún gba ìdọ̀tí náà padà. Ní ti omi, èyí tí a bá fi kọ́ọ̀bù bù dà sọ́wọ́ ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kẹ́ẹ̀gì yìí á fi í fọ ọwọ́ ènìyàn mélòó kan. Ẹ rì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá, kì í ṣe iwájú ilé. Bí ẹ bá lè ṣe méjì, kí èkejì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ibi méjì yìí ni ọwọ́ ń gbà kọjá.

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ wá kù. Èdè wa ti yanjú apá kan rẹ̀ tipẹ́: ṣíṣan ọwọ́ ọ̀tọ̀, fífọ ọwọ́ ọ̀tọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣanwọ́ tó ń pe ara rẹ̀ ní ẹni tó fọwọ́. Ẹni tó bá fi ọwọ́ jẹ ọbẹ̀ ẹlẹ́pọ, kó da omi lásán sí i, kó wò ó. Omi á máa yí lórí epo bí omi orí ewé kókò. Ọ̀rá tó wà lára ọwọ́ wa náà ń di kòkòrò àrùn mú bẹ́ẹ̀, bí a ò tilẹ̀ fojú rí i. Ọṣẹ ló ń tú wọn lára ọwọ́, kí omi tó wá gbé wọn lọ. Bí ọṣẹ bá ti hó, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí dé ogún. Ẹ fọ ẹ̀yìn ọwọ́, ẹ fọ àárín ìka, ẹ fọ abẹ́ èékánná, níbi tí ìdọ̀tí oko ń sá sí. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, àwọn baba wa ti wí i.

Ìwà kan wà tí mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀ wò. Àwo omi ìfọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé wá nígbà oúnjẹ. Bàbá á kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n á tẹ̀ lé e, títí á fi kan àbíkẹ́yìn. Ìdọ̀tí gbogbo agbo ilé ni ọmọ yẹn fi ń fọwọ́, òun tí ara rẹ̀ kò sì lágbára tó tiwọn ni. A lè bọ̀wọ̀ fún àgbà láìṣe bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ kan máa bu omi dà sí ọwọ́ kálukú, kí bàbá kọ́kọ́ gbà á, kí omi ìdọ̀tí máa dà sínú àwo. Àṣà wa ni ìyẹn náà. Bí a ṣe ń ṣe fún àlejò ńlá nìyẹn.

Ẹlòmíràn á ní owó ọṣẹ ń kọ́? Ní ìlú Karachi, ní Pakistan, àwọn olùwádìí pín ọṣẹ ọ̀fẹ́ fún àwọn ìdílé tálákà, wọ́n sì ń bẹ̀ wọ́n wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àbájáde rẹ̀ tó jáde lọ́dún 2005 ya àwọn oníṣègùn lẹ́nu: òtútù àyà àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún dín kù ní ìdajì, ìgbẹ́ gbuuru náà dín kù ní nǹkan bí ìdajì. Ẹ gbọ́ o, òtútù àyà! Ọwọ́ lásán náà máa ń gbé ikọ́ láti imú dé imú. Àmọ́ nígbà tí ọṣẹ ọ̀fẹ́ dáwọ́ dúró, tí wọ́n tún padà lọ wò wọ́n, àwọn ìdílé náà kò ra ọṣẹ ju àwọn aládùúgbò tí kò rí ọ̀fẹ́ gbà rárá. Àìsàn ọmọ wọn kò sì yàtọ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní dúró de ẹni tó máa pín ọṣẹ fún wa. Ọṣẹ kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Eérú èèpo kòkó àti àdín ni àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú, a sì ń kó èèpo kòkó dànù síbi tí a ti ń la kòkó lọ́dọọdún. Ọ̀nà mìíràn rèé tó dín owó kù: ẹ ra ọ̀rá kékeré kan nínú ọṣẹ oníyẹ̀fun tí gbogbo wa ń pè ní Omo, èyí tó bá tó gíráàmù 30, ẹ dà á sínú ìgò oníke lítà kan ààbọ̀ tó kún fún omi, ẹ mì í pọ̀, ẹ lu ihò sí ìdérí. Ó ń fọ ọwọ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ọmọdé kì í jí i lọ ṣeré, eku kì í sì í gbé e. Bí kò bá sí èyíkéyìí rárá, eérú ààrò sàn ju omi lásán.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ sún mọ́ rédíò díẹ̀ sí i. Ó ń dùn mí bí mo bá rí i tí ìyá ṣan ìdí ọmọ, tó nu ọwọ́ sára ìró, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọkà. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ń kánjú. Ìgbẹ́ ọmọ ọwọ́ kò mọ́ bí a ṣe rò ó. Àrùn wà nínú rẹ̀ bó ṣe wà nínú ti àgbàlagbà. Rírọ ọmọ tún wà níbẹ̀. Ìyá á tẹ́ ọmọ sórí itan, á fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu rẹ̀ bí àrọ, á máa da àgbo tàbí ẹ̀kọ sí i. Ọmọ tí kò tí ì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ló tó o, kò nílò omi, kò nílò àgbo. Èyí tó bá sì ti kọjá oṣù mẹ́fà, ṣíbí àti sùúrù ló yẹ ẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ tó bá ti di ṣíbí ọmọ, gbogbo ohun tí ọwọ́ yẹn dì mú láàárọ̀ ni ọmọ ń gbé mì.

Bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ará oko kì í yí ìwà padà, mo máa ń bi í léèrè nípa sòbìà. Ẹ̀yin ará Ìbàràpá, ẹ̀yin ará Ìdèrè, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Lásìkò iṣẹ́ oko gan-an ni ó máa ń yọ lẹ́sẹ̀ àwọn ènìyàn, ẹni tó yẹ kó máa kọ ebè á jókòó sílé, á máa fi ẹ̀là igi ká aràn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kà á jákèjádò Nàìjíríà, ní nǹkan bí ọdún 1988, àwọn tó ní in lé ní 650,000. Ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn. Lọ́dún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti tán ní Nàìjíríà. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún sòbìà, kò sì sí oògùn tó ń wò ó. Omi mímọ́ tí wọ́n gbẹ́, oògùn tí wọ́n dà sí adágún, àti aṣọ asẹ́ ló lé e lọ. Aṣọ asẹ́ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Wọn ò tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí. Ẹnu àmù ló wà, níbi tí ẹni tó ru omi dé gbọ́dọ̀ ti bá a pàdé kó tó dà á sílẹ̀. Ọmọ bíbí abúlé kọ̀ọ̀kan ló sì ń lọ láti ilé dé ilé láti wò ó, ẹni tí wọ́n mọ ìyá rẹ̀, kì í ṣe èmi tó gun mọ́tò wá.

Ẹ̀yin baálé ilé, mo fi tiyín sí ìkẹyìn. Ta ni ń pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì? Bí ẹ bá dá a dá ìyàwó, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbẹ, nítorí iṣẹ́ mẹ́wàá ló wà lọ́rùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ yan ọmọ kan sí i lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ọkùnrin náà wà nínú wọn. Kí ẹ̀yin fúnra yín sì jẹ́ ẹni tí ọmọ máa rí nídìí rẹ̀ lówùúrọ̀. Ìdílé tí bàbá kì í fọwọ́, bí ìyá ń pariwo títí, àwọn ọmọ ọkùnrin á kà á sí iṣẹ́ obìnrin.

Mo tún padà sí abúlé Òkè-Ògùn yẹn lẹ́yìn tí a ti kọ́ wọn ní kẹ́ẹ̀gì rírì. Ìyàwó ilé tó bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ sí ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ tó pọ̀n nígbà náà ti ń sáré kiri. Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ní kẹ́ẹ̀gì kẹta rèé, oòrùn ti la èkíní, ewúrẹ́ ti já okùn ìkejì. Kò sí ẹni tó ní kó pààrọ̀ wọn. Bí a ṣe dúró níbẹ̀ tí a ń sọ̀rọ̀, ọmọ náà jáde láti inú ṣáláńgá. Ó tẹ igi, ó di ọṣẹ mú, ó fọwọ́, ó gbọn omi rẹ̀ dànù sára òkúta, ó sáré padà lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ máńgòrò. Kò tilẹ̀ wò wá.